Ẹ Yé Pè É ní Àmúwá Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá jà nínú ìwé yìí. Kì í ṣe ènìyàn ni mo fẹ́ bá jà, ọ̀rọ̀ ni, nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ń ṣe ènìyàn ní ibi. Ọ̀rọ̀ náà ni "àmúwá Ọlọ́run." N kò bá Ọlọ́run jà; Olódùmarè mọ̀ pé n kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń fi orúkọ Rẹ̀ bo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe mọ́lẹ̀ ni mo ń bá wí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Jabiru, já lulẹ̀ ní àdúgbò Ọba Àkran ní Ìkẹjà. Wọ́n gbé e fò láti dán an wò ni, ó sì ń padà bọ̀ sí pápá nígbà tí ó já sí àárín ìgboro, ní ọ̀sán gangan. Wọ́n yọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè, wọ́n sì sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2020, hẹlikópítà kan tí ó ń bọ̀ láti Port Harcourt já sí àárín ilé ní Ọ̀pẹ̀bí, ní Ìkẹjà kan náà; àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2022, ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wa fi ń kọ́ṣẹ́ já ní Kàdúná, awakọ̀ méjèèjì sì bá a lọ.

Lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, mo máa ń fetí sí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ní àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Ìdúmàgbò títí dé Ìta Fájì. Ohùn mẹ́ta ni mo ń gbọ́. Àwọn kìíní a ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni, ẹni tí ọjọ́ bá pé fún kò sí ibi tí yóò sá sí." Àwọn kejì a ní, "Ayé ni; wọn kò fẹ́ kí ọmọ náà dé ibi gíga." Àwọn kẹta a ní, "Ìjọba ni," wọn a gbọn aṣọ wọn, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ohùn wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe: wọ́n ń pa ìbéèrè lẹ́nu mọ́. Nígbà tí a bá ti sọ ọ̀kan nínú wọn tán, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè pé kí ni ó já, kí ni ó tán, ta ni ó rí i, ta ni kò sọ.

Ẹ wá fi èyí wé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ ojú omi bá dojú dé lórí ọ̀sà, ẹ lọ dúró ní Ẹ̀búté Èrò kí ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ káàánú àwọn tí omi gbé lọ, wọn yóò sì dárúkọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró níbẹ̀. Wọn yóò béèrè pé: èrò mélòó ni wọ́n kó? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n di ẹrù sí? Atẹ́gùn wo ni ó ń fẹ́? Ta ni ó ń wa ọkọ̀ náà, ṣé ó mọ ojú omi? Ìyá tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí lè bá ọ jiyàn ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kí ni ó fà á tí ọkọ̀ omi fi ń rí ìbéèrè gbà, tí ọkọ̀ òfurufú sì ń rí àmúwá gbà? Ìdáhùn mi nìyí, òun náà sì ni gbogbo ẹjọ́ tí mo wá rò: ohun tí a ní ọ̀rọ̀ fún ní èdè wa, a máa ń wádìí rẹ̀, ohun tí a kò ní ọ̀rọ̀ fún, a máa ń wólẹ̀ fún un.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Kí ni ó kan ọmọ Èkó nínú ọ̀rọ̀ bàálù? Ṣebí Sààríà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964 wà?" Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kan Èkó kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa. Ọmọ Èkó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emanuel Peter John Adéníyì Thomas. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ńlá Èkó. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni òun àti Stella Thomas, obìnrin tí ó di adájọ́ májísíréètì ní 1943, tí obìnrin kankan kò jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Títí di 1939, òfin àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí kì í bá ṣe òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ̀gá láàárín wọn. Ogun ni ó mú kí wọ́n ká òfin náà kúrò. Adéníyì Thomas lọ, ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó yege, ó sì di ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá awakọ̀ láàárín wọn, ní 1942. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kí ó parí, ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú pa á. Ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sin ín sí.

Mo bi àwọn ojúgbà mi mẹ́wàá léèrè nípa ọkùnrin yìí nínú ọgbà ilé-ìwé wa. Ẹyọ ẹnìkan kò mọ orúkọ rẹ̀. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí a bá ti sọ nípa rẹ̀ pé "àmúwá Ọlọ́run ni," a ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. A kò ní béèrè ohun tí ó pa á, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní béèrè ohun tí ó gbé ṣe kí ó tó kú. Àmúwá a máa gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wa, a sì máa gba ìtàn pẹ̀lú.

Nínú agbo ilé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń fẹ́ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú. Ó gba ìwé tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè, ó sì mú un wá fún Ìyá àgbà kí wọ́n lè ṣàdúrà sí i. Ìyá àgbà wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Àyìndé, bàálù kì í ṣe ọkọ̀ ọmọ ènìyàn. Ẹni tí Ọlọ́run bá fẹ́ mú ni í gùn ún." Ọmọ náà, tí ó ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Kì í ṣe pé ìdáhùn kò sí ní orí rẹ̀. Ìdáhùn wà ńbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ń dúró de ìdáhùn ní èdè Yorùbá. Báyìí ni ìmọ̀ ṣe ń kú sí ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Nítorí náà, kí n gbìyànjú láti sọ fún Ìyá àgbà, ní èdè tí wọ́n gbọ́, ohun tí ó ń já ọkọ̀ òfurufú kékeré lulẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ òfurufú kì í fò nítorí pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń pariwo. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ni kí ó máa ti ọkọ̀ síwájú. Apá ni ó ń gbé e. Gbogbo wa ni a ti rí kọ́ńdọ́ dáńfó tí ó na ọwọ́ rẹ̀ síta nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lórí afárá. Bí ó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ yóò kọjá lórí rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbé iwájú ọwọ́ náà sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò gbé ọwọ́ náà lọ sókè. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e sókè jù, tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró bí ògiri, afẹ́fẹ́ kò ní gbé e mọ́. Yóò kàn máa tì í sẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni apá ọkọ̀ òfurufú. Bí apá bá gbójú sókè sí afẹ́fẹ́ ju nǹkan bí dígírì 15 sí 16 lọ, afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn lórí rẹ̀ yóò dàrú, apá yóò sì já ọkọ̀ kulẹ̀. Èmi ń pe èyí ní ìjákulẹ̀ apá. Ẹ́ńjìnì lè wà ní pípé nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀. Epo lè kún inú táǹkì. Ojú ọjọ́ lè mọ́ kedere.

Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ohun tí ara ènìyàn ń sọ fún un pé kí ó ṣe, òun gan-an ni ó ń pa á. Ẹni tí ń jábọ́ fẹ́ gòkè, nítorí náà yóò fa imú ọkọ̀ sókè. Bí ó bá sì ti ń fà á ni ìjákulẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ó tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀, kí apá lè tún rí afẹ́fẹ́ mú. Èyí lòdì sí ìfẹ́ ara. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi máa ń gbé ọmọ iṣẹ́ lọ sí òkè réré, tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí apá já ọkọ̀ kulẹ̀, tí yóò sì kọ́ ọ bí a ti í yọ nínú rẹ̀, léraléra, títí ọwọ́ yóò fi mọ ohun tí ojú ń bẹ̀rù. Ní òkè réré, àyè wà láti tún un ṣe. Ibi tí ikú ti ń dúró de ènìyàn ni ìtòsí ilẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ti rẹ eré rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì ń yí padà láti bà sí pápá. Níbẹ̀, kò sí àyè láti tẹ imú wálẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ti súnmọ́.

Kì í ṣe ohun àràmàǹdà ni mo ń sọ yìí. Ní 1896, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ́ńjìnì fò, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Otto Lilienthal, tí ó ti fi apá tí ó ṣe fúnra rẹ̀ fò káàkiri lórí òkè, já lulẹ̀ nítorí ìjákulẹ̀ apá, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ Wright ní Amẹ́ríkà ka ìwé rẹ̀, wọ́n wádìí ohun tí ó pa á, wọ́n sì fò ní oṣù kejìlá ọdún 1903. Bí wọ́n bá ti sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, bóyá orí ilẹ̀ ni wọn ì bá wà.

Ohun mìíràn tún wà. Omi lè wọ inú epo. Nítorí èyí ni ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń gba epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife kékeré kí ó tó fò, tí yóò gbé e sókè wò: omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ife ni yóò sì wà bí ó bá wà níbẹ̀. Yìnyín lè dì nínú kábúrétọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré, àní ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nítorí pé epo tí ń di oruku àti afẹ́fẹ́ tí ń gba ojú ihò tóóró kọjá máa ń mú kí inú rẹ̀ tutù gidigidi. Bí ọ̀rinrin bá sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bí ó ti máa ń pọ̀ ní Èkó, omi yóò dì níbẹ̀, yóò sì fún ẹ́ńjìnì lọ́rùn. Ẹ́ńjìnì sì lè kú ní kété tí ọkọ̀ bá gbéra. Òfin tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ ni pé kí ó má ṣe yí padà sí pápá bí ọkọ̀ kò bá tíì ga tó, nítorí pé ìyípadà náà yóò jẹ gbogbo eré àti gíga tí ó kù. Iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ ni kí ó ti wá ibi tí yóò bà sí. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà níwájú ní Ìkẹjà? Nígbà tí wọ́n la pápá ọkọ̀ òfurufú náà ní àkókò ogun Hitler, igbó àti oko ni ó yí i ká. Lónìí, ilé, ọjà, ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ ni.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èwo ni àmúwá Ọlọ́run? Ṣé omi tí a kò yẹ̀ wò ni, àbí ilé tí a kọ́ sí ẹ̀bá pápá, àbí ọmọ iṣẹ́ tí a kò fún ní wákàtí tí ó tó lókè?

Mo mọ àwọn tí yóò dìde láti ta kò mí. Àwọn kan nínú wọn wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tiwa gan-an. Wọn yóò ní, "Èdè Yorùbá kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e tán ni. Bàbá ńlá wa tí ó rí ọkọ̀ òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sá, ó gbọ́ orúkọ kan lẹ́nu òyìnbó, ó sì sọ ọ́ di "bàálù." Àwọn mẹ́káníìkì wa ní èdè fún gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì, wọ́n sì ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kì í ṣe èdè ni ó kúrú. Àwa tí wọ́n rán sí ilé-ìwé gíga láti mú un gùn, àwa ni a jókòó tí a ń ka òwe.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni èdè òfurufú ní gbogbo ayé." Òótọ́ ni, n kò sì bá wọn jiyàn. Láti oṣù kẹta ọdún 2008 ni àjọ tí ń ṣètò ìrìnnà òfurufú lágbàáyé ti ní kí awakọ̀ tí ń fò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn àti ẹni tí ń darí rẹ̀ láti orí ilẹ̀ fi hàn pé àwọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìwọ̀n kan. Ẹ̀jẹ̀ ni ó kọ òfin náà. Ní 1977, ọkọ̀ ńlá méjì forí sọ ara wọn ní Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á ni gbólóhùn kan tí awakọ̀ sọ tí kò yé ẹni tí ó gbọ́. Ní 1990, epo tán nínú ọkọ̀ Avianca kan ní ẹ̀bá New York, ènìyàn 73 sì kú. Àwọn awakọ̀ ti sọ pé epo ń tán, ṣùgbọ́n wọn kò lo ọ̀rọ̀ tí ìbá jẹ́ kí àwọn tí ó wà nílẹ̀ mọ̀ pé ó ti di ọ̀ràn ikú. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè pa ènìyàn. Kò kọ́ wa pé kí ará Ọba Àkran má mọ ohun tí ó já lé e lórí.

Àwọn kẹta yóò ní, "Àṣà ọ̀wọ̀ wa ni ó burú, ọmọdé Yorùbá kò lè sọ fún àgbà pé ó ń ṣìnà." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn mí jù, nítorí pé ìdajì òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ òfurufú tí ó gbé òkú gómìnà àná kan, Olóyè Olúṣẹ́gun Àgàgù, láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́ já ní kété tí ó gbéra. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí àwọn olùwádìí gbé jáde sọ pé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ké gbàjarè nígbà tí ó ń sáré lórí ilẹ̀, pé apá rẹ̀ kò sí ní ètò tí ó yẹ fún gbígbéra. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé igbá-kejì awakọ̀ bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá kí wọ́n dúró, ọ̀gá sì fi hàn pé kí wọ́n máa lọ. Ìbéèrè ni ó bi í. Kò sọ pé, "Ẹ dúró!"

Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé èdè ọ̀wọ̀ kò lè pàṣẹ? Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ẹ dúró, sà!" Àṣẹ ni, ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀, "ẹ" kan ṣoṣo ni ó gbé méjèèjì. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ohun ìdarí méjì ni ó máa ń wà, ọ̀kan fún olùkọ́, ọ̀kan fún ọmọ iṣẹ́. Ewu sì wà pé kí kálukú rò pé ẹnì kejì ni ó di ọkọ̀ mú. Nítorí náà, wọ́n ṣe òfin pé kí ẹni tí ó gbà á sọ ọ́, kí ẹnì kejì sì dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ ọ ní Yorùbá: "Ọwọ́ mi ni ó wà." "Ọwọ́ yín ni ó wà, sà." Kí ni ó kù? Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí àṣìgbọ́. Àwọn àgbà tiwa ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó bá fi ọ̀wọ̀ pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ nínú ewu kò tẹ̀lé àṣà Yorùbá. Àṣà náà ni ó ń jí lò fún ìgbéraga rẹ̀.

Ó ku àwọn tí wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run ju èmi lọ. Wọn yóò ní ìwádìí jẹ́ àìgbàgbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n rántí pé àwọn bàbá wa kì í gbé òkú ọ̀dọ́ sin láìbéèrè. Wọ́n ń lọ bi Ifá léèrè ohun tí ó pa á. Ìbéèrè ti wà lára wa láti ilẹ̀ wá, kìkì pé "ta ni" ni a máa ń béèrè jù, ó sì tó àkókò kí a béèrè "kí ni" àti "báwo ni." Òwe wa kan sọ ọ́ tán: ẹni tí ó ṣubú, kí ó má wo ibi tí ó ṣubú sí, ibi tí ó ti yọ̀ ni kí ó wò. Ìlànà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé lórí ìwádìí ìjàǹbá òfurufú, èyí tí ó wà lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Chicago ní 1944, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni a ṣe ń wádìí, bí kò ṣe kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ẹ wo bí ó ti bá òwe náà mu! Síbẹ̀, ní èdè tí ó ni òwe náà, a kò ka ìròyìn kan ṣoṣo sí etí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Mo wá dé orí ohun tí mo ń bèèrè fún. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà tí ń wádìí ìjàǹbá. Láti 2022 ni a ti ń pè é ní Nigerian Safety Investigation Bureau. A máa ń retí ìròyìn àkọ́kọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìròyìn ńlá a sì tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí ó le, tí àwa tí ń ka ìwé gan-an ń fi ìwé atúmọ̀-èdè kà. Mo ń bèèrè pé kí a kọ ojú ìwé méjì péré nínú ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní èdè àwọn tí ó ń gbé ibi tí ọkọ̀ ti já: Yorùbá ní Ìkẹjà, Hausa ní Kàdúná. Kí wọ́n sọ ohun tí ó yọ̀, ibi tí ó ti yọ̀, àti ohun tí wọ́n ní kí a tún ṣe. Kí wọ́n kà á lórí rédíò. Bí ìyá tí ń ta ẹja ní ẹ̀bá pápá bá mọ̀ pé àwọn olùwádìí ní kí a ṣe ohun kan, tí ọdún sì yí po tí a kò ṣe é, yóò ní ẹnu láti béèrè. Lónìí, kò ní ju omijé àti "àmúwá" lọ.

Mo ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwa náà. Ní ìpàdé wa, a máa ń jiyàn lórí àmì ohùn títí alẹ́ yóò fi lẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ìròyìn ìjàǹbá kan ṣoṣo ní sáà kọ̀ọ̀kan, tí a tú u sí Yorùbá tí ó já geere, tí a gbé e lọ ka fún àwọn mẹ́káníìkì, àwọn apẹja àti àwọn ìyá ọlọ́jà kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wa ṣe níbi tí a bá ti gùn ún ní gígùn òyìnbó, láàárín ọdún mẹ́ta a ó ní ìwé kékeré tí ó kún fún ọ̀rọ̀ òfurufú. Bí "ìjákulẹ̀ apá" tí mo lò níhìn-ín kò bá tẹ́ ẹnìkan lọ́rùn, kí ó mú èyí tí ó sàn jù wá. Inú mi yóò dùn. Kí a sì kọ orúkọ Adéníyì Thomas sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Èmi kò sọ pé kí a má ṣàdúrà. Kí Ìyá àgbà gbàdúrà fún Àyìndé nígbà tí ó bá ń lọ. A ó ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún lè bi í, ní èdè wọn, bí ó ti ń jáde: "Ṣé o ti yẹ omi wò nínú epo rẹ? Ṣé o mọ ohun tí wàá ṣe bí apá bá já ọ kulẹ̀? Ta ni ó ń kọ́ ọ, ṣé o lè sọ fún un pé kí ó dúró?" Ìyá tí ó bá lè béèrè mẹ́ta yìí kò ní gba àmúwá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe àlùfáà, ì báà ṣe mínísítà. Ọ̀dọ̀ wa ni ìbéèrè náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwa ni a mọ èdè méjèèjì.